Bí Ẹ́ńjìnnì Dísù Ti Ń Kú: Kíka Àmì Àìsàn Ọkọ̀ Nígbà Tí A Bá Pa Á

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí tí ó gbà kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wọ gbọ̀ngàn tí a ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ewì, ìtàn àti gírámà.

Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo dísù ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà dákẹ́ bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ti gbọ́ ìró náà tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ìró náà a yí padà: ẹ́ńjìnnì a fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta pẹ́ ju ti àná lọ, tàbí kí gbogbo ara ọkọ̀ mì jìgì kí ó tó dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní, "Ó ṣáà kú níkẹyìn," wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a bá tiwọn lọ. Àbá mi lónìí ni pé ìyípadà kékeré yẹn jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣọ̀wọ́n. Ìgbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì dísù ni a máa ń dán an wò bóyá ìjánu oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í ka ẹ̀rí náà yóò mọ ilé tí àìsàn ń gbé kí ó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pàdánù bíréèkì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tàbí ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá.

1. Pípa àti kíkú

Èdè Yorùbá ti ṣe apá kan iṣẹ́ yìí fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, a ó ní ó pa ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, a ó ní ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kò ṣe é fi rọ́pò ara wọn. "Pa" ní olùṣe, ó sì ní èrò nínú. "Kú" kò ní olùṣe, àbájáde nìkan ni ó ń sọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí a pa ohun kan kí ó má sì kú. Ó sì ṣeé ṣe kí ohun kan kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yìí to ẹjọ́ tí àwọn onímọ́tò máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Mẹ́rin ni wọ́n:

(a) A pa á, kò tètè kú.
(b) A kò pa á, ó kú.
(d) A pa á, ó kú, ṣùgbọ́n ó gbọ̀n kí ó tó kú.
(e) A pa á, kàkà kí ó kú, ń ṣe ni ó ń sáré sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń sọ ni pé, "Ọkọ̀ mi kì í kú dáadáa mọ́." Gbólóhùn yìí bo ẹjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Mẹ́káníìkì tí ó bá gbà á bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú ohun tí kò ní àrùn. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ilé tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, bí a ó ti rí i.

2. Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì dísù

Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo àti afẹ́fẹ́ tí ó ti pò pọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, iná kò dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́. Bí epo tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò ràn án.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Rudolf Diesel, ẹlẹ́rọ ará Jámánì tí a bí ní Paris ní ọdún 1858, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí èrò rẹ̀ ní 1893. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yege nígbà tí a dán an wò. Kò lo púlọ́ọ̀gì rárá. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìn máa ń kọ́kọ́ fún mọ́ ojú kan, títí àyè tí ó wà yóò fi dín kù sí ìdá kan nínú 15, tàbí, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, ìdá kan nínú 22. Fífún tí a fún un yìí a máa mú kí ó gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí nọ́sù bá ti tu epo sínú ooru yẹn, epo a gbiná fúnra rẹ̀.

Kí ni a lè wá mú kúrò kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè kú? A kò lè mú ooru kúrò, nítorí pé yíyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí gan-an ni ó ń bí i. Ó ku ohun méjì: epo àti afẹ́fẹ́. Èyí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí a ó sọ lónìí. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í kú nítorí pé a pàṣẹ fún un. Ó ń kú nígbà tí a bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí títú orí bátìrì kò fi lè pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti gbà ṣètò gbígba oúnjẹ yìí. Nínú ètò kìíní, agbára kan gbọ́dọ̀ wá ti ìlẹ̀kùn epo pa. Bí agbára náà kò bá dé, ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mo pe èyí ní ètò tí ń fi agbára pa. Nínú ètò kejì, agbára kan ni ó ń di ìlẹ̀kùn epo mú ní ṣíṣí. Bí agbára náà bá lọ, sípíríngì a tì í. Mo pe èyí ní ètò tí ń fi agbára dá sí. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé àìsàn kan náà, bí wáyà tàbí páìpù tí ó ti já, yóò sọ ọkọ̀ ti ètò kìíní di aláìkú, yóò sì pa ọkọ̀ ti ètò kejì lójijì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníwàádìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: irú ètò wo ni ó wà nínú ọkọ̀ yìí?

3. Ẹjọ́ kìíní: a pa á, kò tètè kú

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún ètò tí ń fi agbára pa ni Mercedes-Benz 300 D, irú èyí tí a ṣe láti 1976 títí di 1985, tí àwọn ẹlẹ́rọ ń pe ìdílé rẹ̀ ní W123. Ilé-iṣẹ́ kan náà ti gbé 260 D jáde ní 1936, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré onídísù àkọ́kọ́ tí a ṣe fún títà fún gbogbo ènìyàn. 300 D lo ẹ́ńjìnnì OM 617, oní-písítìn márùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń rìn lónìí, nítorí náà ẹjọ́ wọn kò tíì di ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a tọpa àṣẹ awakọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ dé ibi epo. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú àwọn páìpù tóóró. Òfìfo tí ó dá sílẹ̀ nínú páìpù wọ̀nyí ni agbára tí a ń lò. Páìpù tí ó tóbi jù lọ sí ọ̀dọ̀ bíréèkì, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè rọrùn lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tóóró yà kúrò lára rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀kan lọ sí àwọn ìlẹ̀kùn, òun ni ó ń tì wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn lọ sí ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́. Bí a bá pa ọkọ̀, fáàfù kékeré tí ó wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ a ṣí ọ̀nà, òfìfo a dé ẹ̀yìn páǹpù epo, níbi tí awọ rọ́bà kan wà. Òfìfo a fa awọ náà, awọ náà a fa ọ̀pá tí ń díwọ̀n epo padà sí òdo, ẹ́ńjìnnì a sì kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì.

Nígbà tí ọkọ̀ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ kí ó tó kú, tí ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, mẹ́wàá, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́, ohun tí ó ń sọ ni pé òfìfo kò tó mọ́ ní òpin ọ̀nà náà. Ibi tí òfìfo ti ń jò ni a ó wá. A kò ní fọwọ́ kan páǹpù epo, a kò sì ní fọwọ́ kan nọ́sù. Ilé àìsàn kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: báwo ni bíréèkì ti rí? Bí bíréèkì bá ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a jẹ́ pé odò ti gbẹ láti orísun: ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ ti ń rẹ̀, tàbí páìpù ńlá ti lu. Ẹjọ́ yìí kúrò ní ti ọkọ̀ tí ń pẹ́ kú, ó ti di ti ọkọ̀ tí kò ní lè dúró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ẹni tí ó ń bínú pé ọkọ̀ òun ń pẹ́ kí ó tó kú lè máa wa ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ yóò jà á níyà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ní ti ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ yìí, ewu kejì tún wà nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Mercedes-Benz tí ó tẹ̀lé e, OM 602 àti OM 603: bí béárìn inú rẹ̀ bá fọ́, àwọn ọta irin rẹ̀ lè jábọ́ sí ibi tí ṣéènì ẹ́ńjìnnì ti ń yí, kí wọ́n sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí bíréèkì bá dára, a ó lọ sí ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ àwọn ìlẹ̀kùn ṣì ń tì pa bó ṣe yẹ? Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó yọ páìpù tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, a ó sì dí ojú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá kú kíákíá, ọ̀dọ̀ ìlẹ̀kùn ni òfìfo ti ń jò. Bí kò bá sí ìyípadà, ó ku ẹ̀ka kan ṣoṣo, láti ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ dé ẹ̀yìn páǹpù.

Níbí ni a ó ti lo ẹ̀rọ ìfa-afẹ́fẹ́ ọlọ́wọ́ tí ó ní aago. A ó so ó mọ́ ibi tí awọ rọ́bà wà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ aago sì dúró sójú kan, awọ náà yè, ẹ̀bi ń bẹ lọ́wọ́ fáàfù ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ tàbí páìpù rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀, awọ náà ti ya. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: bí a bá yọ páìpù kékeré tí ó ti ẹ̀yìn páǹpù wá, tí a bá ọ́ìlì nínú rẹ̀, awọ náà ti ya láìsí àní-àní, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ́ìlì lè gbà dé ibẹ̀.

Kí ìwádìí tó parí, báwo ni onítọ̀hún yóò ti máa pa ọkọ̀ rẹ̀? Àwọn tí ó ṣe é ti rò ó tẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá kékeré kan wà tí a kọ STOP sí lára. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀pá tí ń díwọ̀n epo a padà sí òdo láìbéèrè òfìfo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ yìí mọ ibi tí ọ̀pá náà wà kí ọjọ́ tí yóò nílò rẹ̀ tó dé.

4. Ẹjọ́ kejì: a kò pa á, ó kú

Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni páǹpù epo tí Bosch ń pè ní VE ti bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré onídísù. Ètò tí ń fi agbára dá sí ni ó ń lò. Fáàfù oníná kan jókòó sórí rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, iná 12 vólítì a gbé òpó irin kékeré inú rẹ̀ sókè, epo a rí ọ̀nà kọjá. Bí iná bá lọ, sípíríngì a ti òpó náà padà, rọ́bà ẹnu rẹ̀ a sì dí ojú ọ̀nà epo. Ẹ rí i pé níbí, wáyà kan tí ó bá yọ lórí kòtò títì tó láti pa ọkọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Iná kékeré kan, irú èyí tí àwọn ríwáyà máa ń lò, tó fún ìwádìí yìí. A ó so ó mọ́ orí fáàfù náà, a ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ irin ara ọkọ̀, a ó sì fi í síbi tí ojú ti lè rí i. Bí ọkọ̀ bá ń kú fúnra rẹ̀ tí iná náà sì kú ṣáájú rẹ̀, wáyà tàbí ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ ni a ó bá wí. Bí ọkọ̀ bá kú nígbà tí iná náà ṣì ń tàn, a ó bojú wo ọ̀nà epo: bóyá fíítà ti dí, bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ inú páìpù.

Iná kékeré yìí kan náà ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí bí irú ọkọ̀ yìí bá kọ̀ láti kú. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà tí iná kò sì kú, agbára ṣì ń dé ibẹ̀ láti ọ̀nà tí kò tọ́, iṣẹ́ ríwáyà ni. Bí iná bá kú tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí ti há òpó irin náà, tàbí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Ìdánwò kan ṣoṣo ni ó pín ẹjọ́ sí méjì láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tí ó wọ́pọ̀. Bí fáàfù yìí bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn kan a máa yọ òpó irin inú rẹ̀ dànù kí ọkọ̀ lè délé. Kò burú gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wá ń rìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí awakọ̀ ń fi jíà àti kílọ́ọ̀ṣì fún un lọ́rùn ní alaalẹ́ kí ó tó kú, a ti mú ìjánu kúrò lẹ́nu ẹṣin nítorí pé ìjánu náà ń dún. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

5. Ẹjọ́ kẹta: ó kú, ṣùgbọ́n ó gbọ̀n

Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, gbígba epo lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ti rọrùn: kọ̀ǹpútà kò ní rán nọ́sù níṣẹ́ mọ́. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí ń lo epo inú páìpù alágbára kan ṣoṣo fún gbogbo nọ́sù bẹ̀rẹ̀ sí dé ọjà ní 1997, pẹ̀lú Alfa Romeo 156. Ṣùgbọ́n ìṣòro àtijọ́ kan kù. Afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún mọ́lẹ̀ máa ń ta padà bí sípíríngì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, a kì í mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń lọ sí òpin, tí ìyípo rẹ̀ ti kéré, ìfún àti ìtapadà kọ̀ọ̀kan a máa mi gbogbo ọkọ̀.

Nítorí èyí ni a fi fi ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Àwọn Volkswagen TDI jẹ́ àpẹẹrẹ. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ìlẹ̀kùn náà a pa fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Písítìn kò rí afẹ́fẹ́ fún mọ́, ẹ́ńjìnnì a sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú àwọn kan, òfìfo ni ó ń fa ìlẹ̀kùn yìí. Nínú àwọn mìíràn, mọ́tò oníná kékeré ni. Òfìfo tí ń pa 300 D ni ó ń dẹ ikú lára fún ọmọ-ìyá rẹ̀ tí a bí lẹ́yìn.

Bí ọkọ̀ tí ó ti ń sùn wọ́ọ́rọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n jìgìjìgì lójijì, ìlẹ̀kùn yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ó fura sí. Èéfín tí a ń dá padà sínú ẹ́ńjìnnì a máa fi èédú àti ọ́ìlì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí yóò fi há. Kí ẹnì kan pa ọkọ̀, kí ẹnì kejì máa wo apá ìlẹ̀kùn náà. Bí apá náà kò bá mì, kí a wo páìpù òfìfo rẹ̀, mọ́tò rẹ̀, àti ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀. Bí apá náà bá mì dáadáa tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀ sí ohun tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dání.

Ìró ni yóò tọ́ wa sọ́nà níbẹ̀. Bí a bá gbọ́ "gbì" kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ohun wúwo bá forí sọ ògiri, kí a yẹ àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé wò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti ya. Bí ìró náà bá jẹ́ "kàrà-kàrà-kàrà" láti àárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, kí a fura sí fuláíwíìlì, pàápàá irú èyí tí ó jẹ́ irin ribiti méjì tí sípíríngì wà láàárín wọn. Bí sípíríngì wọ̀nyí bá ti rẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kú ni wọ́n máa ń ké jù.

Gbogbo ìyípadà kọ́ ni àìsàn o. Ọkọ̀ tí ó ní àsẹ́ èédú nínú sàìlẹ́ǹsà a máa jó èédú náà lóòrèkóòrè. Bí a bá pa á ní àárín iṣẹ́ yìí, fáànù lè máa pariwo lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí a tó pè é ní àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, kí a fa gééjì ọ́ìlì yọ. Epo dísù tí a fi ń jó èédú lè máa ṣàn sínú ọ́ìlì bí iṣẹ́ náà kì í bá parí, ọ́ìlì a sì máa pọ̀ sí i dípò kí ó dín. Èyí ni ó gbé wa dé ẹjọ́ tí ó kẹ́yìn.

6. Ẹjọ́ kẹrin: a pa á, ó ń sáré sí i

Títí di báyìí, a ti gbà pé ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì ní, òun náà ni nọ́sù. Ẹ́ńjìnnì dísù kò mọ epo dísù yàtọ̀ sí epo mìíràn. Ohunkóhun tí ó bá lè jó tí ó bá afẹ́fẹ́ wọlé, yóò jẹ ẹ́. Bí ìdè inú tọ́bò bá jẹ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa bá afẹ́fẹ́ wọ ẹnu písítìn. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, ó lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ó ti ń sáré sí i ni ó ń fa ọ́ìlì sí i, bí ó sì ti ń fa ọ́ìlì ni ó ń sáré sí i. Ó ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́, nítorí pé nọ́sù kọ́ ni ó ń bọ́ ọ.

Báwo ni a ó ti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹjọ́ kìíní? Ẹ tẹ́tí sí ìyípo rẹ̀. Ọkọ̀ tí òfìfo rẹ̀ ń jò yóò máa dún lọ jẹ́jẹ́ bí ó ti ń dún kí a tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ tí ń jẹ ọ́ìlì yóò máa ga sí i, èéfín búlúù tàbí funfun a sì máa rú bo àdúgbò. Ó sábà máa ń ránṣẹ́ ṣáájú: bí a bá pa á, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gbé orí sókè díẹ̀, kí ó tó kú pátápátá. Ẹni tí ó bá gbọ́ gbígbé-orí-sókè yẹn lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún ṣíná sí ọkọ̀ náà títí a ó fi yẹ tọ́bò àti ìwọ̀n ọ́ìlì wò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó kù tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó fi ọkọ̀ sí jíà tí ó ga jù, kí ó sì ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì lè há. Bí jíà kò bá ṣeé lò, pákó tí ó le ni a fi ń dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, tàbí kí a fi ẹ̀rọ apaná oní-carbon dioxide tú u sí i. A kì í fi ọwọ́ dí i, a kì í fi aṣọ dí i, nítorí pé yóò fà wọ́n wọlé. Bí igbe rẹ̀ bá ti ga jù, kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí a sá jìnnà. Irin tí ó fọ́ ní irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kì í mọ ẹni tí ó ni ín.

Ọ́ìlì nìkan kọ́ ni oúnjẹ àjèjì tí ó lè wọlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ọdún 2005, ní ilé ìfọpo BP ní Texas City, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, epo kún òpó kan jù, ó tú síta, ooru epo náà sì tàn káàkiri ilẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré onídísù kan wà nítòsí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ooru epo wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré àsápajúdé, awakọ̀ kò sì lè pa á. Àwọn tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀ràn náà gbà pé ó ṣeé ṣe jù pé ọkọ̀ yìí ni ó ṣáná sí ooru epo náà. Ènìyàn 15 kú, 180 farapa. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ibi tí táńkà ti ń gba epo bẹntiróòlù tàbí tí ó ti ń já a: bí epo bá tú sílẹ̀, kí a má ṣíná sí ọkọ̀ dísù kankan nítòsí, kí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ sì ti kú kí ooru epo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ooru náà bá ti wọlé tán, ó ti bọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́.

7. Ìlànà ìwádìí

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a mú lọ. Èkíní, kí a mọ ikú àlàáfíà ọkọ̀ wa: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ń lò, ìró rẹ̀ nígbà tí ó tutù àti nígbà tí ó gbóná. Ẹni tí kò mọ ìwà ọmọ rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Èkejì, kí a sọ ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú "pa" àti "kú" ní ipò wọn, kí a sì sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí a ṣe sí ọkọ̀ náà ṣáájú. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dáhùn lọ́nà òdì lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Ẹ̀kẹta, kí a mọ irú ètò tí ó wà nínú ọkọ̀ náà: èyí tí ń fi agbára pa tàbí èyí tí ń fi agbára dá sí. Ẹ̀kẹrin, kí ìdánwò tí ó pín ẹjọ́ sí méjì ṣáájú ìdánwò tí ó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀. Títẹ bíréèkì wò, iná kékeré, ojú tí ń wo apá ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́: wọn kò ná wa ní nǹkan kan, wọ́n sì ń dá owó tabua sí.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn kan lè bi mí pé kí ni èyí kan ẹ̀kọ́ èdè. Ó kàn án gidigidi. Àárín awakọ̀ àti mẹ́káníìkì, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni afárá tí ó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà mẹ́káníìkì wa, èdè Yorùbá ni a fi kọ́ afárá náà. Bí èdè náà bá ṣe kedere, àrùn náà a ṣe kedere. Bí a bá ń sọ ọ́ ní ìdàkudà, a ó máa ra páǹpù epo tuntun nítorí páìpù rọ́bà tí ó ya. A ní "pa", a ní "kú", a ní "gbọ̀n", a ní "gbì" àti "kàrà-kàrà". Ohun èlò ìwádìí ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí aago òfìfo àti iná ríwáyà ti jẹ́.

Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ dísù nínú yín pa á, kí ó má sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Kí ó kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Iye tí ó bá kà ni kí ó kọ sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí iye náà bá yí padà ni yóò wúlò fún un.